Mẹ́rìndínlógún Tí Kò Ní Èènì

Ní Òmùpo, bí sólà ẹnikẹ́ni bá dákẹ́, Ìyá Yusrah ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Hafeezat lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bí Yusrah, bàbá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pe orúkọ yẹn, òun náà kì í sì í pè é àfi tí ọ̀rọ̀ bá le. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní Ìlọrin, ó gboyè, ó wá iṣẹ́ ìjọba títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, ó padà sílé, ó ra àkàbà, ó ra mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òrùlé olórùlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń dúró wò ó. Obìnrin tó wọ híjáàbù dé orúnkún, tó wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, tó jókòó sórí páànù lọ́sàn-án gangan, tó ń di nọ́ọ̀tì. Bàbá àgbà kan ní àdúgbò lọ bá Alfa Sàlíhù, bàbá rẹ̀, ó ní kó pe ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, pé ojú ń ti gbogbo àwọn. Alfa ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí bàbá kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa parí iṣẹ́ náà tí òun bá pè é sọ̀kalẹ̀ tán, nítorí pé orí òrùlé bàbá yẹn gan-an ni Hafeezat wà lásìkò tí wọ́n ń sọ ọ́. Bàbá náà wòkè, ó wolẹ̀, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó parí rẹ̀ ná.

Alfa Sàlíhù ni ládàánì mọ́sáláásí àdúgbò wọn, òun ló ń pe ìrun. Ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ikọ́ ò sì jẹ́ kí ohùn náà jìnnà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n gbé páńẹ́lì sórí òrùlé, tí wọ́n sì gbé bátìrì sí kọ̀rọ̀ kan nínú mọ́sáláásí. Láàárín páńẹ́lì àti bátìrì ni kọntirólà wà, àpótí kékeré tó ń ṣọ́ iná kó má bàa pọ̀ jù fún bátìrì. Àpótí yẹn ni kì í pẹ́. Òjò á dé, ọ̀kan á jó. Wọ́n á ra òmíràn, ọyẹ́ á dé, ìyẹn náà á jó. Nígbàkígbà tó bá jó, Alfa á dúró sí iwájú mọ́sáláásí, á fi ẹnu lásán pe ìrun. Hafeezat máa ń gbọ́ ọ láti ilé. Ikọ́ á já ìpè náà sí méjì, nígbà mìíràn lórí orúkọ Ọlọ́run gan-an, Alfa á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó tú ọ̀kan tó jó nínú àwọn àpótí wọ̀nyí. Ó rí nǹkan dúdú kan nínú rẹ̀ tí kò ju èso ẹ̀wà lọ, tó ní ẹsẹ̀ wẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Ṣíìpù nìyẹn, òun ni ọpọlọ kọntirólà. Àwọn tó ṣe é ti ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò kí ẹlòmíràn má bàa rà á lọ́tọ̀. Ó bí i nínú. Gbogbo ọdún tó ti ń tún nǹkan wọ̀nyí ṣe, kò tíì mọ ohun tó ń ronú nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri lórí fóònù, wíwá yẹn ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ṣíìpù. Olórí wọn ni Oyèyẹmí, ẹnjiníà kan tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán, tó ń gbé Èkó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọwọ́ ara wọn. Alhaja ni Oyèyẹmí ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Mẹ́kà rí; ó kàn ń ṣe àmín sí i ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí Oyèyẹmí kọ́ wọn ni pé ẹni tó ń ya ṣíìpù kì í dá tìránsísítọ̀, ẹ̀yà wẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ṣíìpù, sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó máa ṣe é lókè òkun ló mọ irú èyí tí ẹ̀rọ wọn lè ṣe. Wọ́n á to gbogbo wọn sínú àkójọ kan, wọ́n á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, oníṣẹ́ á sì mú èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu níbẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń mú búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì fún ògiri ìta, tó ń mú síìsì íǹṣì fún ti inú ilé.

Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba Hafeezat. Ẹ wo irú orúkọ kan: n_g5v0d16v0. Oyèyẹmí ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo tìránsísítọ̀ bí ẹ̀rọ omi. Ọ̀nà kan wà tí iná ń gbà wọlé, ọ̀nà kan wà tó ń gbà jáde, ọwọ́ kan sì wà tí wọ́n fi ń ṣí i tí wọ́n sì fi ń tì í. Lẹ́tà n tó wà níwájú ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́. Lẹ́tà g dúró fún ọwọ́ tó ń ṣí tó ń tì. D dúró fún ẹnu ibi tí iná ńlá wà. Lẹ́tà v jókòó sí ibi tó yẹ kí àmì kékeré wà láàárín nọ́ńbà, torí náà, 5v0 ni 5.0, fóòtì márùn-ún, 16v0 sì ni fóòtì mẹ́rìndínlógún. Fóòtì ni bí iná ṣe ń ti nǹkan lágbára tó. Ọwọ́ tìránsísítọ̀ yìí ń gba márùn-ún, ẹnu rẹ̀ ń gba mẹ́rìndínlógún. Ìgbà tí Hafeezat gbọ́ èyí, ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkójọ náà bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé.

Nígbà tó yá, àjọ kan lókè òkun fún ẹgbẹ́ náà ní àyè ṣíìpù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pín in bí ẹni pín ilẹ̀, kálukú gba tirẹ̀. Tí gbogbo wọn bá ti yà á tán, Oyèyẹmí á fi ránṣẹ́, iléeṣẹ́ á ṣe é, wọ́n á sì dá a padà fún wọn ní ohun tí ọwọ́ lè gbé. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àbáwọlé máa tì, wọn ò ní gba iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tí irú àyè bẹ́ẹ̀ tún máa yọ. Hafeezat ya ọpọlọ kọntirólà kan sínú ìpín tirẹ̀, èyí tó máa ṣọ́ páńẹ́lì àti bátìrì mọ́sáláásí.

Hafeezat mọ páńẹ́lì dénú. Páńẹ́lì tí wọ́n kọ fóòtì méjìlá sí lẹ́yìn, bí oòrùn bá mú, tí nǹkan kan ò sì fà á, á gbé mọ́kànlélógún jáde. Bátìrì tí wọ́n kọ méjìlá sí, bó bá kún, á lé ní mẹ́rìnlá. Kò sí oníṣẹ́ sólà kan láti Òmùpo dé Ṣàrẹ́ tó gbà pé méjìlá ni méjìlá. Orúkọ lásán ni nọ́ńbà ara ọjà lójú wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe ta gàrí títí tó fi kú nìyẹn: á kún kóńgò, á mú un ṣóńṣó lórí, á wá tún bu èènì lé e. Ẹni tó bá wọn gàrí géérégé láìfi èènì sí i, oníbàárà ò ní padà wá bá a. Inú èènì ni Hafeezat dàgbà sí. Nítorí náà, nígbà tó ń wá tìránsísítọ̀ tó máa dojú kọ páńẹ́lì, tó rí èyí tí wọ́n kọ mẹ́rìndínlógún sí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìndínlógún tí ilé-iṣẹ́ gidi bá kọ, á gba mọ́kànlélógún.

Ó fi kọ̀ǹpútà dán an wò. Ó rọ mọ́kànlélógún sí i lórí, ìlà tó yọ lójú kọ̀ǹpútà sì lọ jẹ́jẹ́ láìyẹ̀. Ètò tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún wọn fi àmì aláwọ̀ ewé sí i, ó ní kò sí àṣìṣe. Oyèyẹmí náà wò ó, ó ní Alhaja ti gbayì.

Síbẹ̀, kí ó tó fi iṣẹ́ náà lé Oyèyẹmí lọ́wọ́, Hafeezat ṣe ìsìtikárà, àdúrà tí mùsùlùmí fi ń sọ fún Ọlọ́run pé kó yan èyí tó dára fún òun. Kó tó di àsùbá ló máa ń kí i, rákà méjì, lójúmọ́ lójúmọ́, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn kì í ṣe àròsọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Oyèyẹmí. Alfa pẹ̀lú ṣe sàráà, wọ́n din wàínà, wọ́n pín in lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lemọ́ọ̀mù sì ṣe àdúrà lé iṣẹ́ náà lórí. Gbogbo mọ́sáláásí ló ṣe àmín, títí kan àwọn tí kò mọ̀ bóyá oúnjẹ ni ṣíìpù àbí ọkọ̀.

Ọjọ́ Àtàláátà ọ̀sẹ̀ tí àbáwọlé máa tì ni Oyèyẹmí bẹ Hafeezat pé kó bá òun kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ inú àkójọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án. Hafeezat ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún un: ẹ̀rọ omi, ọwọ́, ẹnu. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jannat, akẹ́kọ̀ọ́ ní Òmù-Àrán, bèèrè pé tí òun bá wá gbé fóòtì méjìdínlógún fún èyí tí wọ́n kọ mẹ́rìndínlógún sí ńkọ́. Hafeezat rẹ́rìn-ín. Ó ní á gbà á, pé wọ́n máa ń fi èènì sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí páńẹ́lì.

Jannat kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Níbo ni wọ́n kọ èènì yẹn sí?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Muaz, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ṣàrẹ́ tí kò rí ìpín gbà nínú ṣíìpù náà nítorí pé àyè ti kún kó tó parí tirẹ̀, ní àwọn ará Òmù-Àrán nìkan ló ń gba rìsíìtì fún èènì. Jannat náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gba ìbéèrè rẹ̀ padà. Hafeezat ṣèlérí pé òun á fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó kí ìrun àlàásárì, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti wá ojú ìwé náà. Ìwé àlàyé tó bá àkójọ náà wá gùn, ó sì ti kà á tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúkọ ló kà, kò ka àwọn tábìlì tó wà lẹ́yìn. Ó wá kà wọ́n báyìí. Ó rí ìlà kan tó sọ iye fóòtì tí ẹnu tìránsísítọ̀ náà ò gbọdọ̀ kọjá láé. Mẹ́rìndínlógún ni. Ó lọ sí ìlà òkè, ó lọ sí ti ìsàlẹ̀, ó tún padà. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó fi àyè sílẹ̀ fún mọ́kànlélógún.

Àlàyé kan wà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní tí iná bá kọjá iye yìí, ó lè má jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì kú lọ́jọ́ kan láìkìlọ̀. Wọ́n tún ní ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kò ní sọ èyí fún ènìyàn, nítorí pé ìṣirò ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Iye tí wọ́n bá fún un ló máa ṣírò, kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan jóná. Ìgbà yẹn ni Hafeezat rí ibi tó ti ṣì í. Nọ́ńbà ara páńẹ́lì ń sọ ohun tí páńẹ́lì ń fún ni, ẹni tó ń fún ni lè bù lé e. Nọ́ńbà inú orúkọ tìránsísítọ̀ ń sọ ohun tí ó lè fara dà, ìyẹn sì ti dé góńgó. Kò sí ẹni tó bu nǹkan kan lé e.

Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Jannat pé òun ló ṣì í lọ́nà, pé kò sí èènì, kó sọ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ló wá wo iṣẹ́ tirẹ̀. Tìránsísítọ̀ kan wà nínú àkójọ tó gba ogún, àmọ́ ogún náà ò tó, ó sì tóbi ju ìpín rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó dára ni kí wọ́n dín iná kù níta, kí ó tó wọ inú ṣíìpù rárá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kó tú gbogbo àwòrán náà palẹ̀, kó sì tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ ò ní dúró dè é.

Ohun kan wá ń sọ fún un nínú pé kó pa á mọ́ra. Wọ́n á dán ṣíìpù náà wò nígbà tó bá dé, á ṣiṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ìlú á gbọ́. Tó bá wá kú lórí òrùlé mọ́sáláásí lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ta ló máa bèèrè? Àwọn tí wọ́n ń rà lọ́jà náà ń kú. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Kì í ṣe ohun tó máa ṣe ló ń rò jù. Ohun tó ń rò jù ni ìfọ̀kànbalẹ̀ tó rí lórí àdúrà yẹn. Ta ló fún un?

Ó lọ bá bàbá rẹ̀ níwájú mọ́sáláásí. Alfa ń ṣe àlùwàlá ìrun màgàríbì, ó jókòó sórí àpótí, búútà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hafeezat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rò fún un, kò fi ìkankan pa mọ́. Alfa ò lóye ọ̀rọ̀ fóòtì, ṣùgbọ́n ó lóye pé ohun tí wọ́n ṣe sàráà lé lórí kò dára.

"Ṣé o ò ṣe ìsìtikárà ni?"

"Mo ṣe é, Bàbá."

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan. Ọkàn mi balẹ̀ ni."

Alfa da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ fọ àárín ọmọ ìka rẹ̀. "Ó balẹ̀," ó ní, bí ẹni tí kò bi í.

"Ó balẹ̀ dáadáa, Bàbá. Òun gan-an ló ń dà mí láàmú."

Alfa fọ ẹsẹ̀ òsì tán. Ó wá ní bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ọlọ́run tó ní kí iná tutù fún Ànábì Íbúráhímà, ṣé iná sólà ló máa wá ṣòro fún un?"

"Bàbá, Ànábì Íbúráhímà kọ́ ló dá iná yẹn. Wọ́n jù ú sínú rẹ̀ ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ya eléyìí."

Alfa gbójú sókè wò ó. Hafeezat rò pé ó máa bá òun wí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jáde le ju bó ṣe fẹ́ lọ, ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó kọ́ òun ní kéwú. Ṣùgbọ́n búútà ni Alfa gbé sílẹ̀.

"Hafeezat," ó ní, "lọ sọ fún ọ̀gá yín. Èyí tó kù, àwa àti Ọlọ́run la ó jọ máa sọ ọ́."

Ó dìde, ó lọ pe ìrun. Kọntirólà tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, torí náà ohùn rẹ̀ dé òkèèrè.

Oyèyẹmí ti wá sílé láti Èkó nítorí ìrántí ikú ìyá rẹ̀. Hafeezat rò pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Ní ọjọ́ Àlàmísì, ó wọkọ̀ dé Àjàṣẹ́, ó wọ òmíràn lọ sí Òmù-Àrán, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú báàgì. Ó bá Oyèyẹmí nínú àgbàlá bàbá rẹ̀, ó ń bá àwọn tó ń na tápólì sókè jà lórí ibi tí wọ́n ri òpó sí. Bó ṣe rí i, ó pariwo Alhaja onísólà, ó bèèrè bóyá Òmùpo ti tóbi débi tí wọ́n fi ń ran aṣojú wá síbi ìrántí. Hafeezat kí i kú ìrántí, ó gbàdúrà fún òkú, ó wá ní òun fẹ́ kó wo nǹkan kan.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé iwájú ọkọ̀ Oyèyẹmí. Ó ka tábìlì náà. Ó kà á pẹ́. Ó jágbe mọ́ ọ̀kan nínú àwọn onítápólì tó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ó ní ètò tó ń yẹ iṣẹ́ wò ti fi àmì ewé sí i. Hafeezat ní ètò yẹn ń wo bóyá àwòrán bá òfin iléeṣẹ́ mu àti bóyá okùn kan ò so mọ́ ibi tí kò yẹ. Kò wo iye iná tí ènìyàn fẹ́ gbé lé e. Oyèyẹmí ní òun mọ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun ò mọ̀. Ó wá dín ohùn kù, ó ṣàlàyé fún un pé ohun ìkọ́ṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń yà kì í ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń kú nítorí rẹ̀. Èkejì ni pé tí ìpín kan bá ṣófo, àwọn tó fún wọn láyè á rí i pé wọn ò lè kún un, wọn ò sì ní fún wọn mọ́.

"Fi í sílẹ̀ kó lọ," ó ní. "Má kàn gbé e sórí mọ́sáláásí."

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí mọ́sáláásí ni mo ṣe yà á."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti ṣe àmín sí i. Tó bá dé, tó tanná, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé e sókè?"

Oyèyẹmí tún yí ojú ìwé padà sí tábìlì náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní òun fúnra òun kò wo tábìlì yìí nígbà tí òun ní iṣẹ́ náà dára. Àmì ewé ni òun wò. Ó nu ojú rẹ̀. Ó bèèrè ohun tí Hafeezat fẹ́ kí àwọn fi dí àyè náà.

Hafeezat ti rò ó nínú ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n fún Muaz, ará Ṣàrẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ èyí tó ń ka iye nǹkan, fóòtì kan lé díẹ̀ ló ń lò, ó kéré, ó sì ti parí. Oyèyẹmí ní tí àwọn bá fún Muaz, orúkọ Hafeezat á kúrò nínú ìwé àwọn tó ya ṣíìpù yìí, pé ṣé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oyèyẹmí pe Muaz níwájú rẹ̀. Ariwo tí Muaz pa jáde látinú fóònù, àwọn onítápólì pàápàá yíjú wò.

Ó kù kí wọ́n sọ fún ìjọ. Hafeezat rò pé bàbá rẹ̀ máa fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀, nítorí pé òun ló ṣe sàráà, òun ni ìtìjú á kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa Sàlíhù tọrọ àyè lọ́wọ́ lemọ́ọ̀mù, ó dìde. Hafeezat wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ wú ikọ́, tó ní ohun tí wọ́n bá òun ṣe àdúrà sí lọ́jọ́sí kò lọ mọ́. Ó ní ọmọ òun ló dá a dúró, ó rí àbùkù nínú rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn tó rí i. Ó ní kí wọ́n má bínú, kí Ọlọ́run gba sàráà náà síbi tó bá fẹ́. Ó jókòó.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hafeezat tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè Jannat ni ìdáhùn ìsìtikárà rẹ̀, tó kàn pẹ́ dé. Yóò wù ú kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyẹn bá jẹ́ ìdáhùn, kí ni a ó pe ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ìdùnnú ara rẹ̀ ló rí, tó sọ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run. Tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mélòó ló ti rí bẹ́ẹ̀ nínú ayé rẹ̀? Kò rí ìdáhùn sí èyí. Kò sì dìde kúrò lórí ẹní nítorí rẹ̀.

Màmá Asisat, arúgbó tó máa ń jókòó ti ògiri, fi ìgbọ̀nwọ́ tì í.

"Ìyá Yusrah, àmín tí a ṣe ńkọ́? Ṣé ká gbà á padà ni?"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí fi híjáàbù bo ẹnu. Hafeezat náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àtàláátà.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Màmá. Mo ṣì ń bọ̀ wá lò ó."

Màmá Asisat ní ó dára, ṣùgbọ́n wàínà tí òun jẹ, òun ò lè dá ìyẹn padà o.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Hafeezat kò bá wọn dúró kí ara wọn. Ó lọ sílé, ó bọ́ híjáàbù funfun, ó wọ ti iṣẹ́. Ó gbé àkàbà rẹ̀ wá, ó gun òrùlé mọ́sáláásí, ó tú okùn páńẹ́lì kúrò lára kọntirólà, ó sì fi mítà wọn ohun tí oòrùn ọ̀sán ń gbé jáde gan-an, kó lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán tuntun.